Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Palermo rí, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ́jú màmá arúgbó kan ní Palermo, ìlú ńlá kan ní erékùṣù Sicily ní Ítálì, nítòsí òpópónà Libertà. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún ni. Tí mo bá ń tì í lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ gba atẹ́gùn, a máa ń dé Piazza Crispi, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Piazza Croci. Àwọn mọ́tò tó dúró gbalasa ló wà níbẹ̀. Màmá á ní kí n dúró, á na ọwọ́ sáàárín mọ́tò: “Ibí ni àtẹ̀gùn. Ibí ni ọgbà.” Mo rò pé ó ti ń ṣarán.

Ọmọ rẹ̀ ló wá fi fọ́tò hàn mí. Ilé arẹwà kan ti wà níbẹ̀ lóòótọ́, Villa Deliella, Ernesto Basile, ayàwòrán-ilé, ló ya àwòrán bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọjọ́ Sátidé kan ní 1959, nígbà tí ọ́fíìsì ti tì, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó o. Kí ẹnikẹ́ni tó rí ẹni tó máa fẹjọ́ sùn, ilé ti di òkìtì.

Orúkọ tí wọ́n sọ àsìkò yẹn ni “il sacco di Palermo”, bí ẹni pé ogun kó ìlú. Salvo Lima ni olórí ìlú, Vito Ciancimino ló ń bójú tó iṣẹ́ ìkọ́lé ìlú, máfíà, ẹgbẹ́ ọ̀daràn ibẹ̀, sì wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n fọwọ́ sí, orúkọ àwọn mélòó kan péré ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù. Conca d'Oro, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ọsàn àti táńjárín tó yí ìlú ká, kọnkéré gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì. Màmá ní láyé ìgbà yẹn, tí ọsàn bá ti ń tanná, àwọn kì í ti fèrèsé. Ní tèmi o, èéfín mọ́tò nìkan ni mo gbọ́ òórùn rẹ̀ ní fèrèsé yẹn.

*

Ẹ kú ìtọ́jú, àǹtí mi. Èmi, àdúgbò Albergheria ni mo wà, lẹ́bàá ọjà Ballarò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ńṣe ni mo dúró tí mò ń rẹ́rìn-ín. Bàbá kan ń fa ohùn bí ẹní sun rárà, ó ń ta ẹ̀fọ́. Abbanniata ni wọ́n ń pè é. Ìpolówó ọjà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! “Láńgbé jinná o” ló sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀fọ́ ọ̀hún, tenerumi, ewé igbá ni. Mo rẹ́ ẹ bí ẹní rẹ́ gbọ̀rọ̀, mo fi ata àti ẹja gbígbẹ sí i. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́.

Ẹ̀yìn ilé wa, ògiri kan dá dúró, igi ọ̀pọ̀tọ́ hù nínú yàrá. Àwọn àgbà àdúgbò ní bọ́ǹbù 1943 ni. Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọn ò tún kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí ibi ìta ìlú ni owó ìkọ́lé ń lọ. Ìdí nìyẹn tí owó yàrá fi jẹ́ pọ́ọ́kú fún irú wa. Ó ti tán o. Lọ́dún tó kọjá onílé ní ká kó jáde, àwọn tó wá ṣe fàájì ọjọ́ méjì-mẹ́ta ló fẹ́ máa gbà sílé.

*

Ọmọ Ìlọrin ni mí, mi ò pẹ́ níbẹ̀. Ní àdúgbò tí àwọn Júù ń gbé kí wọ́n tó lé wọn ní 1492, mo gbójú sókè wo orúkọ òpópónà: èdè Ítálì, Hébérù, àti Lárúbáwá nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi dúró. Ilé kéwú ni mo ti kọ́ lẹ́tà wọ̀nyẹn, mi ò rò pé mo máa kà á ní òpópónà Yúróòpù. Àdúgbò Kalsa náà, al-Khalisa ni lédè Lárúbáwá, ìlú tí àwọn Fatimid, ìdílé ọba Mùsùlùmí kan, kọ́ ní nǹkan bí 937. Ọjà Lattarini sì ń bẹ nítòsí, láti ara “al-attarin”, àwọn alátùràrí. Ìyá mi ń ta tùràrí. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó ní ta ni wọ́n ń bá ra ọjà níbẹ̀.