Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ kó ọmọ pọ̀ kọ́ nílé, ibo lẹ máa ń jókòó ṣiṣẹ́ sí?

Ìyá Ìbejì, Woolwich

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọmọ. Àwọn tó ń bi mí nípa bá a ṣe ń kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ pọ̀ kọ́, tí àwọn òbí sì ń ṣiṣẹ́ tiwọn nítòsí, ti wá pọ̀ gan-an. Ìwé tá a fi ń kọ́ wọn ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń béèrè. Ìwé ò le. Ọmọ ọdún mẹ́ta, kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe? Ibi tí òbí máa jókòó sí ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ n sọ tiwa, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Ìdílé mẹ́rin ni wá: Yorùbá mẹ́ta, ará Gánà kan. Kò sí ọmọ tó tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn, ìyẹn ni pé òfin England ò tíì sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n lọ síbì kan. Mo mọ̀ pé ìjọba ń san wákàtí 15 lọ́sẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi fún ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin, ó sì lè tó 30 bí àwọn òbí bá ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìbejì mi lò ó fúngbà díẹ̀. Àwọn olùkọ́ wọn ṣèèyàn, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ìyá mi pè láti Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n ń ki oríkì ìbejì fún Kẹ́hìndé, ọmọ náà kàn na fóònù sí mi bí ẹni pé ẹni tí òun ò mọ̀ rí ló ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tá a lè jọ ṣe é.

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan la háyà. Yàrá méjì ló wà níbẹ̀, ńlá àti kékeré, ilẹ̀kùn onígíláàsì ló sì wà láàárín wọn. Àwọn ọmọ wà nínú ńlá pẹ̀lú òbí tí ọjọ́ kàn. Àwọn òbí yòókù wà nínú kékeré pẹ̀lú kọ̀ǹpútà wọn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ la rí iṣẹ́ ọwọ́ gíláàsì yẹn. Ọmọ á wà nídìí ìyẹ̀fun tó ń pò, á máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, á ṣèèṣì gbójú sókè, á rí ìyá ẹ̀. Ó parí. Á fi ìyẹ̀fun sílẹ̀, á lọ fi imú tẹ gíláàsì, èémí ẹ̀ á bo ojú ibẹ̀, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kó tún lè ríran. Tí ọ̀kan bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún, àwọn tó kù á gbè é. Bàbá kan nínú wa máa ń juwọ́ sí tiẹ̀ láti fi tù ú nínú, ẹkún yẹn á sì tún wá le sí i.

Ìyá ará Gánà yẹn ló mú ìwé bíráùn wá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì láti ìsàlẹ̀ dé ibi tó ga ju orí àwọn ọmọ lọ. Àgbàlagbà ṣì lè yọjú wò wọ́n lókè, àmọ́ àwọn ò lè rí wa. Kò pẹ́ tí ẹkún fi dín kù débi pé mo lè bá àwọn ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìsá lọ sínú ọkọ̀.

Àdéhùn wa ò pọ̀. Ẹni tí ọjọ́ kàn kì í yọ kọ̀ǹpútà jáde nínú àpò rárá. Fóònù ẹ̀ wà nínú agbọ̀n lójú fèrèsé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kì í jáde sí àwọn ọmọ àfi tí oúnjẹ bá yá tàbí tí wọ́n bá pè wọ́n. Yorùbá la ń sọ nínú yàrá ńlá láti àárọ̀ títí di ìgbà oúnjẹ, a sì ti bá ìyá ará Gánà yẹn sọ ọ́ kó tó dara pọ̀ mọ́ wa. Ọmọ ẹ̀ ti ń kúnlẹ̀ kí mi báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní England, ẹ mójú tó òfin. Ẹni tó bá ń gbowó láti tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 nínú ilé ara ẹ̀, tó sì ju wákàtí 2 lọ lójúmọ́, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ní 2009, àwọn ọlọ́pàá obìnrin méjì kan ní Buckinghamshire ń bá ara wọn tọ́jú ọmọ, eléyìí á wo ti tọ̀hún lọ́jọ́ tí tọ̀hún bá lọ síbi iṣẹ́. Ofsted, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iléèwé àti ìtọ́jú ọmọ ní England, ní oore tí wọ́n ń ṣe fún ara wọn yẹn, owó ọ̀yà ni, pé wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ariwo ta, ìjọba sì yọ irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kà sí ọ̀yà. Àwa ò gbowó lọ́wọ́ ara wa, owó yàrá nìkan là ń dá, síbẹ̀ a pe Ofsted àti káńsù ká tó tẹ́ ẹní àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n.

Bàbá Fọlákẹ́, Dartford

Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ náà sí. Ọ̀rọ̀ ìwé tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ gíláàsì yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, kò pẹ́ lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira. Bàbá mi ń kọ́ òfin lálẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lójúmọmọ. Ìyá mi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n rí háyà, onílé ò sì fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ. Wọ́n ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ń ṣe nígbà yẹn: inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti máa ń polówó pé àwọn ń wá ẹni tó máa bá àwọn gba ọmọ tọ́, kí àwọn máa sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìdílé aláwọ̀ funfun kan létíkun ní Kent ló gbà mí. Wọ́n tọ́jú mi dáadáa. Ọjọ́ Àìkú làwọn òbí mi máa ń wá, kì í sì í ṣe gbogbo Ọjọ́ Àìkú. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n á dé, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ń lọ tí wọ́n bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí wọ́n kó mi lọ sí Abẹ́òkúta, ìyá bàbá mi ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹnu wọn ni mò ń wò.

Mi ò bínú sí àwọn òbí mi. Ohun tí agbára wọn ká ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ̀ pé ìyá òun wà lẹ́yìn ògiri, tó sì lè rí i tó bá fẹ́, ó ní ohun tí èmi ò ní. Ẹ wá ọ̀nà míì sí ẹkún yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi ara yín pa mọ́ fún wọn.

Ìyá Ìbejì, Woolwich

Mo kúnlẹ̀, sà. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wa. Àwọn ọmọ mọ̀ pé a wà níbẹ̀ o. Láràárọ̀, ká tó ti ilẹ̀kùn, ọmọ kọ̀ọ̀kan á tẹ̀ lé òbí ẹ̀ wọ yàrá kékeré, á fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé fìlà tàbí síkáàfù ẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga tí òbí ẹ̀ máa jókòó lé. Táyé ò ní gbà kí n jókòó tí kò bá tíì gbé tiẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n màá gbé ọ̀rọ̀ yín síwájú àwọn yòókù, sà.

Bàbá Fẹ́yi, Houston

Ọ̀rọ̀ tèmi bá ti Bàbá mu. Alief la wà. Nígbà tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta 2020 la kó àwọn ọmọ wa jọ, pod làwọn ará ibí ń pè é. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ padà, àwọn ńlá lọ, a ò tú àwọn kéékèèké ká. Texas kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, àti pé látìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ yìí ti dá ẹjọ́ Leeper ní 1994, iléèwé aládàáni ni òfin ka ẹ̀kọ́ ilé sí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbowó ìtọ́jú lọ́wọ́ àwọn òbí míì, òfin ìtọ́jú ọmọ lè kàn yín, ìyẹn yàtọ̀.

Gáréèjì mi la sọ di ọ́fíìsì. A gbé tábìlì mẹ́rin síbẹ̀, a sì fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, torí ooru ibí ò ṣeé fara dà. Ilẹ̀kùn wa máa ń ṣí sílẹ̀. Tí mo bá fẹ́ wọ ìpàdé lórí Zoom, mo máa ń fi fìlà mi kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn níta. Tí fìlà bá wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wọlé. Tí kò bá sí níbẹ̀, wá kí bàbá ẹ, mu omi, padà. Ẹni tó kéré jù lára wọn ti mọ̀ ọ́n: ó máa ń na ìka sí fìlà yẹn, á sì fi ìka kan náà dí ẹnu. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi gan-an ṣí fìlà náà, ó dé e, ó rọra wọlé wá jókòó sídìí ẹsẹ̀ mi títí ìpàdé fi parí. Kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ohun tó fẹ́ tú wa ká ni earpiece. Òbí kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé tí ọjọ́ bá kàn án, á wà láàárín àwọn ọmọ lóòótọ́, àmọ́ earpiece wà létí ẹ̀, ìpàdé ọ́fíìsì ló ń gbọ́. Ọmọ kan gun orí àga, ó ké sí i, kò gbọ́. Ọmọ já bọ́, ètè ẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wà lára aṣọ mi nígbà tí mo gbé e. A sọ ọ́ ní ìtùnbí ìnùbí. Ó ní ọ̀gá òun ò gba òun láyè láti fi ọjọ́ kan sílẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀. Òótọ́ ni, mo sì káàánú ẹ̀, iṣẹ́ ló ń bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ò bá fún un láyè, oúnjẹ àti nǹkan èlò ni kó fi dá tiẹ̀, kó má gba ọjọ́ rárá. Ẹ sọ èyí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí gbogbo yín ṣì ń rẹ́rìn-ín síra yín.

Ìyá Ayọ̀, Ìbàdàn

Lọ́dọ̀ tiwa ní Bódìjà, kò sí ilẹ̀kùn kankan. Fàràǹdá ìyá ọkọ mi ni. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àwọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ, àwa ìyá mẹ́ta sì ń ṣiṣẹ́ lápá kejì fàràǹdá náà. Owó tá à ń ná lórí iná ju èyí tá à ń ná lórí ẹ̀kọ́ lọ: sólà, bátìrì, dátà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì torí pé ọ̀kan lè lọ nígbàkigbà. Mi ò ní fi ìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Níbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ò fẹ́ dúró ti Màmá, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń sá wá. Màmá dìde lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ìyá wọn, ẹ yí àga yín. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí wa." A yí i. Látìgbà náà, ògiri là ń wò, àwọn ọmọ sì ń wo ẹ̀yìn wa. Wọ́n ń rí wa, ṣùgbọ́n ojú wa kì í pàdé tiwọn mọ́. Màmá ní ojú ìyá ló ń pe ọmọ. Ayọ̀ á gbójú sókè, á rí gèlè mi, á padà sídìí ohun tó ń ṣe.

Ọpọ́n ayò ni Màmá fi ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í ta á o, wọ́n ṣì kéré. Pípín ni wọ́n ń pín in. Ọmọ ọdún mẹ́rin á mú ọmọ ayò, á jù ú sínú ihò, "ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin", á sún ọwọ́ lọ sí ihò tó kàn. Tó bá dé ihò tó gbẹ̀yìn tí ó bá mẹ́ta, ó mọ̀ pé ọ̀kan ti já bọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lábẹ́ ẹní. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìyọkúrò. Inú Màmá máa ń dùn débi pé wọ́n á ní ká yíjú padà wá wò ó. Agbègbè Ifẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà, wọ́n sì máa ń rán wa létí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ wọn lọ́tọ̀ bí èdè. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ní ọmọ òun á gọ̀ tó bá fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, Màmá ní kẹ́ ẹ mú un wá.

Ìyá Dárà, Manchester

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo yín. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́ta, mo sì ní èyí tó ṣì ń mu ọyàn. Níbo ni kékeré máa wà? Ìyá Ayọ̀, tí ẹ bá ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, tí ọmọ wá fa aṣọ yín ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Woolwich

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọyàn wà pẹ̀lú ìyá ẹ̀ nínú yàrá òbí, a tẹ́ ẹní fún un sí igun. Ọjọ́ tó bá ń yọ eyín, ìyá ẹ̀ kì í wá, a kì í sì í bínú. Èyí tí ara ẹ̀ ò bá yá, kó dúró sílé, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ìyá Ayọ̀, Ìbàdàn

Mo bi Màmá. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má lé e, kẹ́ ẹ má sì gbé e. Ẹ rán an níṣẹ́: "Bá mi mú ife yìí fún Màmá." Tó bá dé ọ̀hún, Màmá á rán an níṣẹ́ míì. Kó tó jẹ́ ìkejì tán, ó ti gbàgbé ohun tó wá ṣe lọ́dọ̀ yín. Ọmọ tí ebi ń pa nìkan ni kò ní gbọ́, torí náà ẹ jẹ́ kí oúnjẹ àárọ̀ wọn pọ̀ díẹ̀.