Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya fọ́tò ojú, ṣé autofocus olówó ńlá yẹn (tí kámẹ́rà fi ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀) ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Olùbéèrè: Mo fẹ́ pààrọ̀ kámẹ́rà Canon 5D Mark II mi. Àwọn kan ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, àwọn kan ní láìsí Eye AF (autofocus tó ń wá ẹyinjú fúnra rẹ̀), èèyàn ò lè rí jẹ nídìí iṣẹ́ yìí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tójú yín rí.

Oní-sítúdíò, Ìbàdàn: Mark II yẹn, tó jáde ní 2008, lèmi náà ń lò dòní. Ojú fókọ́ọ̀sì (ibi tí kámẹ́rà ti lè mú fókọ́ọ̀sì) 9 péré ló ní, èyí tó wà láàárín ló ṣeé fọkàn tán jù. Màá gbé e lé ẹyinjú tó sún mọ́ mi, màá ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira," ó parí. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, tí iná tó, tí mo fi lẹ́ńsì sí f/8 (ihò rẹ̀ kéré), láti ṣóńṣó imú dé yẹtí ló máa mọ́. Kí ni Eye AF fẹ́ bá mi ṣe níbẹ̀? J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun dídì ní 1968, ọwọ́ ló fi ń yí fókọ́ọ̀sì. Ẹ̀yìn orí ló sì yà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹyinjú wo ni kámẹ́rà ì bá máa wá kiri!

Ọmọ òde ìnáwó: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ oníbàárà tiyín kì í jó. Lẹ́ńsì 85mm ní f/1.8 (ihò rẹ̀ ṣí gan-an), bí ìyàwó bá dúró ní mítà 2 sí mi, ibi tó máa mọ́ láti iwájú sẹ́yìn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Ó wá ń jó wọlé, wọ́n ń náwó fún un (kí EFCC má gbọ́ o). Kámẹ́rà mi àtijọ́ á fojú ìyàwó sílẹ̀, á lọ mú náírà tó ń fò kọjá. Ẹ ó rí nọ́ńbà ara owó kedere, ojú ìyàwó á ṣú bàìbàì! Sony A7 III tòkunbọ̀ ni mo ń lò báyìí, ojú ló ń dì mú. Àfi bí ìyàwó bá fi ìbòjú ìlẹ̀kẹ̀ sí, ìlẹ̀kẹ̀ ló sábà máa ń mú. Nígbà yẹn, èmi náà á padà sí ojú fókọ́ọ̀sì kan ṣoṣo bíi tiyín.

Ìyá Ìbejì: Ọmọdé lèmi ń yà jù, wọn ò gbọ́ "má mira" rárá. Nikon D750 ló wà lọ́wọ́ mi, kò ní Eye AF. Màá fi sí f/4, ìyá wọn á mú bísíkíìtì dúró lẹ́yìn mi. Owó tí mi ò fi ra kámẹ́rà tuntun, iná ni mo fi rà.