Ẹ bá mi wá àwòṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó ní àmì asà

Ìyá Àdùkẹ́, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ilé o. Bàbá mi máa pé 70 ọdún lóṣù Kejìlá. Mo fẹ́ gún àmì kan fún wọn ní point de croix, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ alágbèélébùú kéékèèké, irú asà tí àwọn ọba òyìnbó ń ní, kí wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Gbogbo àwòṣe tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí kì í bá ṣe kìnnìún Gẹ̀ẹ́sì, òdòdó lílì àwọn ọba Faransé ni. Ọmọ Kétu ni bàbá mi. Kí ni wọ́n fẹ́ fi òdòdó ọba Faransé ṣe? Mo ní aṣọ Aïda funfun 5,5 (aṣọ oníàpótí tí àgbélébùú 5,5 ń wọ sẹ̀ǹtímítà kan) àti òwú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ DMC díẹ̀. Kí lẹ rò pé kí n gún?

Abẹ́rẹ́ Wúrà, Kútọnu:
Tàǹtí, ẹ wo àmì orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa ná. Asà tí a pín sí mẹ́rin ni: ilé olódi àwọn Sọ̀mbá, ìràwọ̀ oyè Bẹ̀nẹ̀, igi ọ̀pẹ àti ọkọ̀ ojú omi. Ọdún 1964 ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á, wọ́n sì tún gbé e padà ní 1990. Ṣùgbọ́n ẹ má gún gbogbo rẹ̀ o. Àmọ̀tẹ́kùn méjì ló dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Mo gún wọn lọ́dún tó kọjá, tótòtó ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Ọ̀pẹ yẹn nìkan ni kí ẹ yọ: ewé tútù, èso pupa, ilẹ̀ funfun.

Télọ̀ Ìdí-Ọ̀pẹ:
Èmi á ní kí ẹ wo àwọn aṣọ alálẹ̀mọ́ Abọ́mẹ̀, ìlú àwọn ọba Dahomey àtijọ́. Ọba kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní àmì tirẹ̀: ẹfọ̀n ti Guézo, kìnnìún ti Glèlè, àkùràkùdà ti Béhanzin, ọ̀pẹ òyìnbó ti Agonglo. Àwòrán wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní òjìji, ó rọrùn láti yà sórí ìwé oníàpótí. Kìnnìún ni mo fẹ́ràn fún àgbàlagbà ọkùnrin.

Ọmọ Alákétu:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kìnnìún Glèlè kọ́ la ó gbé kọ́ sí pálọ̀ ọmọ Kétu. Ọmọ-ogun Glèlè ló fọ́ ìlú wa ní 1886, tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú. Àwọn àgbà ilé wa ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni. Mi ò bá yín jà o. Iṣẹ́ Abọ́mẹ̀ dùn ún wò, bàbá yìí ni mo ń rò.

Akaba Idẹ́nà ni kí ẹ gún, ẹnu odi ìlú wa. Ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ Yúróòpù ló fi ẹnu odi wọn ṣe àmì asà, ó yẹ Kétu náà. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ yà á: ẹ lọ ya fọ́tò rẹ̀ láti iwájú gan-an, kí ẹ kà á sórí ìwé, àpótí kan fún àgbélébùú kan. Kí ìlẹ̀kùn gba àárín, kí ògiri amọ̀ dúró lápá méjèèjì. Níbi tí òyìnbó ń gbé adé tiwọn lé, lókè asà, ẹ fi adé onílẹ̀kẹ̀ Alákétu síbẹ̀.

Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́:
Ọ̀rọ̀ ọmọ Kétu wọ̀ mí létí. Ti àwọ̀ ni tèmi. Àwọn tó ń ya asà láyé àtijọ́ ní òfin: wúrà àti fàdákà, ìyẹn yẹ́lò àti funfun, kì í gorí ara wọn, pupa, búlúù, dúdú àti àwọ̀ ewé náà kì í gorí ara wọn, kí ojú lè rí i láti òkèèrè. Òótọ́ ni. Mo gún ẹyẹ dúdú sórí pupa rí, ẹni tó jókòó lórí àga kò rí ẹyẹ kankan. Ẹ lo òwú nọ́ńbà 321 (pupa) fún ògiri, 444 (yẹ́lò) fún adé, òde asà ni adé wà, òfin yẹn kò kàn án, kí ẹ má gún ilẹ̀ funfun rárá, iṣẹ́ á tètè parí. Tínrín mẹ́fà ló wà nínú òwú DMC. Méjì ni kí ẹ fà yọ. Abẹ́rẹ́ 24 tí kò mú lẹ́nu.

Àgbélébùú 55 ló ń wọ sẹ̀ǹtímítà 10 lórí Aïda 5,5. Bí àwòrán bá jẹ́ 110 ní ìbú, 132 ní òró, sẹ̀ǹtímítà 20 sí 24 ló máa gbà. Ẹ fi 5 kún un yí ká.

Ẹ ṣọ́ra fún òwú pupa olówó pọ́ọ́kú. Mo ra ọ̀kan rí, mo fi oṣù mẹ́ta gún un, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo funfun di róòsì. Mo sunkún. Ẹ rẹ òwú díẹ̀ sómi, kí ẹ fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń jáde, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́, Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo dé Kétu ní Sátidé, mo ti ya fọ́tò, mo sì ti kà á sórí ìwé: asà 110, ìlẹ̀kùn nìkan 38. Mo rẹ òwú pupa mi sómi, àwọ̀ rẹ̀ kò jáde. Bàbá pè mí lórí fóònù bí mo ṣe ń yà á lọ́wọ́, díẹ̀ ló kù kí n jẹ́wọ́. Ó ku ìbéèrè kan: ìlẹ̀kùn dúdú lórí ògiri pupa, ṣé kò ní rú òfin yẹn?

Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́:
Ó máa rú u, ìlẹ̀kùn á sì sọnù sínú ògiri. Ẹ fi àpótí méjì sílẹ̀ láìgún yí ìlẹ̀kùn ká, kí aṣọ funfun fúnra rẹ̀ hàn. Ẹ gún 310 (dúdú) sínú, lẹ́yìn náà kí ẹ fi yẹ́lò tínrín kan ṣoṣo fa ìlà pátákó rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀.