Àkáǹtì géèmù mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà kan: ṣé kò léwu?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Kétu ni mo wà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lèmi àtàwọn àbúrò mi méjì jọ ń lò, lẹ́tà A rẹ̀ ti yọ pàápàá. Kálukú ló ní àkáǹtì tirẹ̀ lórí Steam (ìkànnì tí wọ́n ti ń ra géèmù kọ̀ǹpútà), torí òfin wọn ò gbà ká pín ẹyọ kan lò. Steam Families, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ará ilé máa gbá géèmù ara wọn, ló ń dẹ́rù bà mí: bí ará ilé bá fi géèmù mi ṣe màgòmágó, wọ́n á lé èmi náà kúrò nínú géèmù ọ̀hún. Àbíkẹ́yìn wa ò sì ṣeé fọkàn tán rárá! Bí mi ò bá fà á wọ ẹbí yẹn, tó jẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan la jọ ń lò, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ṣì lè ràn mí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n.