Mọ́tò mi ń gbóná, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ká tú tọ́ọ̀pù sílíńdà: ṣé kí n gbà?

Olùbéèrè:
Mo kí gbogbo ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó tú mọ́tò mi palẹ̀.

Mazda MX-5 ni mo ń gùn, irú èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1989, ẹ́ńjìnnì 1.6. Tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn kún inú ẹ́ńjìnnì, kò sí lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹni tó ni ín kó tó dọ́wọ́ mi ló so ó mọ́ ọn, ó sì gbé intercooler gbàǹgbà, èyí tó ń mú atẹ́gùn tọ́bò tutù, síwájú rẹdiétọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta la jọ máa ń tún un ṣe tọ́wọ́ wa bá dilẹ̀.

Láìpẹ́ yìí a yọ rẹdiétọ̀ tó ń jò, a fi èyí tó nípọn jù ú lọ rọ́pò. A yọ fáànù àtijọ́ náà, a fi ńlá méjì sí i. Ọ̀kan so wáyà, èkejì de hóòsì, ẹ̀kẹta ro kúláǹtì, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọwọ́ géèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí ọ̀nà bá là tí mo sì tẹ̀ ẹ́, á tún rọra wálẹ̀. Mo ń gbọ́ fáànù tó ń dún, mo sì fọwọ́ ara mi mọ̀ pé atẹ́gùn ń jáde.

Wọ́n ti fẹnu kò pé tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó dí àárín tọ́ọ̀pù sílíńdà (orí ẹ́ńjìnnì) àti ara ẹ́ńjìnnì, ló bẹ́, pé tọ́bò ló bẹ́ ẹ. Wọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀ la máa tú tọ́ọ̀pù sílíńdà. Kò sẹ́ni tó tú u rí nínú wa. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bá mi ṣe é, mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé mo rí wọn fín. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ má tíì tú nǹkan kan o. Ẹ tún ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ kà: tó bá dúró ó ń gbóná, tó bá ń sáré ó ń tutù. Gáskẹ́ẹ̀tì tó bẹ́ kì í sábà ṣe báyìí. Ìgbà tí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn, tí tọ́bò ń kó atẹ́gùn sínú sílíńdà, ni gáàsì máa ń ráyè wọnú omi jù, ìgbà náà sì ni tiyín ń tutù.

Tí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ń gba inú rẹdiétọ̀ kọjá, kò nílò fáànù. Tó bá dúró, fáànù nìkan ló kù tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá tó jẹ́ pé ọwọ́ kan ìbẹ̀ kí wàhálà tó dé.

Pé ó ń dún kò tó. Ẹ jẹ́ kó máa yí, kí ẹ wá mú ìwé fẹ́lẹ́ kan, kí ẹ gbé e sí iwájú mọ́tò níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ńṣe ló yẹ kí ìwé náà lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, kẹ́ ẹ tiẹ̀ fi í sílẹ̀ kó má jábọ́. Tó bá ń tì í dànù, òdì ni fáànù ń yí. Kí ẹ ṣọ́ ìka yín o, fáànù iná lè ṣàdédé gbéra bí ẹ bá tilẹ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì.

Rewáyà:
Ìyá Ìbejì ti fọ̀ ọ́ tán. Kí n fi ti wáyà kún un.

Ìhà tí ẹ bá so wáyà fáànù bátìrì sí ló máa yí sí. Tí pọ́sítíìfù bá lọ síbi nẹ́gátíìfù, kò ní jóná, kò ní dákẹ́. Á yí, á dún, á sì fẹ́ atẹ́gùn. Ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ sí ìhà kan, tó bá yí sódì atẹ́gùn tó ń gbé kò tó nǹkan mọ́. Bí mọ́tò bá wá ń fà díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn iwájú á máa bọ̀, ti fáànù á máa lọ pàdé rẹ̀, àwọn méjèèjì á máa ti ara wọn. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Nǹkan kejì: ṣé wáyà àtijọ́ náà lẹ so fáànù ńlá méjì mọ́? Tí wọ́n bá ti yí fún ìgbà díẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ fọwọ́ kan wáyà àti plọ́ọ̀gì rẹ̀. Tó bá gbóná, ẹ fa wáyà tó nípọn láti bátìrì, kí ẹ fún un ní rílè (swíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá) àti fíùsì tirẹ̀. Ẹ gbé fíùsì náà sún mọ́ bátìrì.

Ọmọ Tọ́bò:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí, ẹ ò mẹ́nu ba àrùn tí wọ́n bí mọ́ ẹ́ńjìnnì yìí. Ìdílé Mazda 323 ló ti wá, níbi tó ti dùbúlẹ̀ ní ìbú, tí iwájú ń fa mọ́tò. Nígbà tí wọ́n yí i sí òòró fún MX-5, wọ́n gbé ojú ibi tí omi ń gbà jáde wá síwájú, ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń gbà wọlé. Omi wá ń gba ọ̀nà àbùjá, sílíńdà kẹrin tó wà lẹ́yìn kì í rí tó bó ṣe yẹ. Àwọn tó bá so tọ́bò mọ́ ọn máa ń dá ojú ọ̀nà omi náà padà sẹ́yìn. Èmi ò bá ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà kí n sinmi.

Ìyá Ìbejì:
Òótọ́ lo sọ, mi ò jà ọ́ níyàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe bí ẹ́ńjìnnì yẹn náà ló ṣe wà nígbà tí mọ́tò ò gbóná. Ohun tó yí padà ni ká kọ́kọ́ wò. Ti ọ̀nà omi, ẹ ṣe é tọ́wọ́ bá dilẹ̀.

Ọmọ Awakọ̀:
Àwọn tèmi tú gíá sílẹ̀, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó padà ní òun ń lọ mú nǹkan bọ̀. Mo ṣì ń retí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Garéèjì:
Àbúrò, títú tọ́ọ̀pù sílíńdà kì í ṣe iṣẹ́ Sátidé kan fún ẹni tí kò ṣe é rí. Bẹ́líìtì á kúrò, wọ́n á fi irin tó gún wò ó bóyá ojú rẹ̀ ti wọ́, bóòtù ní bí wọ́n ṣe ń tò tẹ̀ léra àti bí wọ́n ṣe ń le tó, torque wrench ló sì ń sọ ìyẹn, kì í ṣe agbára apá.

Tí ọkàn wọn kò bá kúrò lórí gáskẹ́ẹ̀tì, oògùn kan wà tí wọ́n fi ń dán an wò: omi aláwọ̀ búlúù ni, wọ́n á gbé e sẹ́nu rẹdiétọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa ṣiṣẹ́. Tí gáàsì ẹ́ńjìnnì bá ti wọnú omi, á di pupa rúsúrúsú bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́... rárá, mo fi ń ṣeré, yẹ́lò ló máa dà. Tó bá dúró ní búlúù, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ni mo fẹ́ sọ gan-an. Ẹni mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó yẹ iṣẹ́ ẹnì kejì wò. Yan ẹnì kan ṣe olórí, kì í ṣe ẹni tó lẹ́nu jù, ẹni tó ń fara balẹ̀. Bóòtù tí wọ́n bá ti le tán, kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí i. Tó bá sì jẹ́ pé fáànù ni lóòótọ́, má bi wọ́n lójú gbogbo èèyàn pé ta ló so wáyà. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ ọ́n. Gbé ìwé yẹn síbẹ̀ lójú gbogbo wọn, kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun o, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rẹ̀ wá. A gbé ìwé síbẹ̀, ó fò padà sí mi láyà! Fáànù méjèèjì ló ń yí sódì. A pààrọ̀ ẹsẹ̀ wáyà, ìwé sì lẹ̀ típẹ́típẹ́. A fi mọ́tò sílẹ̀ lórí ìdúró, géèjì gòkè díẹ̀, fáànù gbéra, ó padà wálẹ̀. Wáyà gbóná o, Rewáyà, a ti yọ ọ́ ká tó tún so ó.

Ó ku nǹkan méjì. Tí mo bá tan hítà nígbà tí mọ́tò dúró, tútù ló ń fẹ́. Ìkejì, ẹni tó so wáyà ṣì ń sọ pé ká kúkú tú tọ́ọ̀pù sílíńdà ká rí inú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Garéèjì:
Afẹ́fẹ́ ṣì há sínú omi, ìyẹn ni hítà ṣe ń fẹ́ tútù. Dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kó o tó ṣí ìdérí rẹdiétọ̀. Tó bá gbóná, omi inú rẹ̀ lè ti kọjá 100°C kó má tíì hó nítorí pé ìdérí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó o bá ti ṣí i, á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì bó ọ lójú. Tó bá tutù, ẹ gbé imú mọ́tò sókè lórí stand tó dúró dáadáa, kí ẹnu rẹdiétọ̀ ga ju gbogbo ibi yòókù lọ. Ẹ tan hítà sí gbígbóná pátápátá, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ máa rọra tẹ hóòsì òkè, kí ẹ máa ro kúláǹtì sí i bó ṣe ń lọ sílẹ̀, títí tí ìfófòó ò fi ní jáde mọ́.

Ẹni tó fẹ́ rí inú ẹ́ńjìnnì yẹn, òun ni kó wá di fúnẹ́ẹ̀lì mú.