"Ìfúnpọ̀ gbígbóná" kò yẹ eéwo

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka àbá tí ẹnìkan nínú wa mú wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí a máa pe aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná, tí a wá gbé lé ibi tó ń dunni, ní "ìfúnpọ̀ gbígbóná", kí ti omi tútù sì jẹ́ "ìfúnpọ̀ tútù". Ó ní inú ìwé pélébé tí wọn yóò pín fún àwọn ìyá ọmọ ni òun fẹ́ lò ó sí. Iṣẹ́ rere ni, mo sì kí i. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wọ ìwé.

Kí ni à ń fún? À ń fún aṣọ tí a fọ̀, à ń fún ọsàn. Àwọn kan sì ń fún eéwo. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Eéwo wà lára ohun tí a sábà máa ń fi omi gbígbóná tọ́jú nílé, ohun tí a kò sì gbọdọ̀ ṣe sí i ni ká fún un. Bí a bá fún un, ọyún inú rẹ̀ lè wọnú ẹran ara lọ, kí kòkòrò tó fà á sì tàn kálẹ̀. Èyí tó bá yọ sáàárín imú àti ètè ló léwu jù, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ já sínú agbárí. Ìyá tó bá ka "ẹ fi ìfúnpọ̀ gbígbóná sí eéwo ọmọ" á ní fífún ni wọ́n ní kóun fún un. Kò jẹ̀bi. Ohun tí Yorùbá sọ ló gbọ́.

A sì ti ní ọ̀rọ̀ kí a tó jókòó dá òmíràn. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, "jó" ni wọ́n ń sọ: "Ẹ fi omi gbígbóná jó o." Wọ́n ń jó ikùn ìyá ìkókó, wọ́n ń jó orúnkún àgbàlagbà, wọ́n ń jó eéwo. Nígbà tí eéwo yọ sí mi ní itan, ìyá mi á rì aṣọ sínú omi, á fún un, á kọ́kọ́ fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ kó tó gbé e lé mi. Bó bá tutù, á tún un rì. Aṣọ ló ń fún, kò fún eéwo rí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí eéwo fi yọ ojú, tó sì tú fúnra rẹ̀.

Dókítà kan láàárín wa ní "jó" á mú kí ènìyàn ro ti iná, kí wọ́n lọ da omi híhó sí ọmọ lára. Ẹ̀rù rẹ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n inú gbólóhùn ni a ti ń dènà ìyẹn: omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ọwọ́ lè gbà, ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Bó bá jẹ́ alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ ooru mọ́, kí ẹlòmíràn bá a fọwọ́ kan omi náà wò.

Ti omi tútù ló le. "Fi omi tútù jó o" kò ṣeé gbọ́ sétí. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó fẹsẹ̀ rọ́ nílò rẹ̀: yìnyín tí a fi aṣọ wé, ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́ẹ̀kan, láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Bí a bá fi omi gbígbóná jó o lọ́jọ́ náà, á túbọ̀ wú ni. Àwọn kan nínú wa dábàá "ìgbélé", ìyẹn ohun tí a gbé lé ara, ṣùgbọ́n láti 2020 tí kónílé-ó-gbélé ti dé, ilé jíjókòó ni etí ń gbọ́ nínú rẹ̀. Èmi mú "àfilé" wá, bí a ti ní àfikún: ohun tí a fi lé ara. Àfilé tútù. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ fún ti gbígbóná náà, àfilé gbígbóná wà ńbẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fún nǹkan.

Ó ku "àkóràn awọ ara" tí ẹni tó mú àbá náà wá kọ sórí gbogbo ojú ewé ìwé pélébé náà. Ohun tó ń kó ranni ni àkóràn. Làpálàpá yẹ bẹ́ẹ̀, tówẹ̀lì àti kóòmù wà lára ohun tí wọ́n ń gbà kó o, omi gbígbóná kò sì lè wò ó sàn, oògùn ló ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣubú, tí orúnkún rẹ̀ bó, tó pọ́n, tó sì ń ṣọyún lọ́jọ́ kẹta, ta ló kó o ràn án? A máa ń sọ pé ọgbẹ́ náà kẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, gbogbo ìyá ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: "Bí ọgbẹ́ bá kẹ̀, tí pípọ́n rẹ̀ ń tàn, tí ara ọmọ sì gbóná, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà."

Ẹ̀yin ará Èkìtì àti Oǹdó, ẹ jọ̀ọ́, ṣé "jó" náà ni ẹ̀yin ń sọ? Mo ti gbọ́ "tẹ̀" lẹ́nu àwọn kan, mo sì fẹ́ mọ bó ṣe jìnnà tó kí ìwé náà tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.