Sáńpù kì í ṣe àpẹẹrẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. À ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún SDR, ìyẹn rédíò tí sọ́ọ̀fúwíà ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú ẹ̀, mẹ́ta tó ṣe kókó jù nínú àbá tẹ́ ẹ mú wá sì ni pé ká pe sáńpù (sample), ìyẹn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀ nígbà tó bá wọn ìgbì, ní "àpẹẹrẹ", ká pe mẹ́mòrì ní "ìrántí", ká sì pe SDR fúnra ẹ̀ ní "asọ̀rọ̀mágbèsì alátòlànà". Mo ti ka gbogbo ẹ̀ dáadáa, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí ẹ̀, torí irinṣẹ́ kan fún SDR, ìyẹn sọ́ọ̀fúwíà, ni mò ń kọ lọ́wọ́, Yorùbá ni gbogbo ohun tó máa sọ fún ẹni tó ń lò ó, tí ọ̀rọ̀ bá wá ṣi onítọ̀hún lọ́nà, á fowó ṣòfò ni tàbí kó pa irinṣẹ́ náà tì.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọ ojú USB, wọ́n ṣe é káwọn èèyàn lè máa fi wo tẹlifíṣọ̀n lórí kọ̀ǹpútà, chip RTL2832U ti Realtek ló wà nínú ẹ̀. Ní 2012 ni ìròyìn tàn kálẹ̀ pé téèyàn bá mọ bó ṣe máa pàṣẹ fún chip yẹn, kò ní mú àwòrán jáde mọ́, nọ́ńbà lásán lá máa tú síta, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìgbì tí àńtẹ́nà mú ṣe ń lọ sókè sódò. Àwọn Osmocom, ẹgbẹ́ kan tó ń kọ sọ́ọ̀fúwíà ọ̀fẹ́, wá kọ librtlsdr, kóòdù tó ń pàṣẹ fún chip náà, tí gbogbo wa ń lò títí dòní. Èyí tó bá ní R820T nínú, ìyẹn tuner, apá tó ń yan ìgbì tá a fẹ́ gbọ́, máa ń gbọ́ láti bíi 24 MHz títí dé bíi 1,766 MHz, FM wà níbẹ̀, bàálù wà níbẹ̀. Ẹ wá ki ẹ̀rọ yẹn bọ ojú USB Raspberry Pi Zero, kọ̀ǹpútà onípátákó kan tí ráàmù ẹ̀, ìyẹn àyè tó ń lò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, jẹ́ 512 MB péré, gbogbo ohun tó kù, kóòdù ni.

Ó yá, "àpẹẹrẹ". Ẹ̀gbọ́n tó dá àbá yìí, mo kí yín, mo mọ̀ pé inú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ ti mú un. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ ni ohun kan téèyàn mú jáde kí wọ́n lè fi mọ bí àwọn yòókù ṣe rí, bí olùkọ́ ṣe ń sọ pé "fún àpẹẹrẹ". Chip yìí kò fi nǹkan kan hàn wá bí àwọn yòókù ṣe rí o, ńṣe ló ń wọn iná tó ń bọ̀ látinú tuner, ìgbà mílíọ̀nù 28.8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á wá dín in kù kó tó gbé e fún wa, èyí tí ọ̀pọ̀ wa sì ń gbà ni mílíọ̀nù 2.4. Kò sí ọ̀kan nínú mílíọ̀nù 2.4 yẹn tó jẹ́ àpẹẹrẹ èkejì. Tí irinṣẹ́ mi bá kọ ọ́ pé "àpẹẹrẹ mílíọ̀nù 2.4", ẹni tó ń kà á á bi mí pé àpẹẹrẹ kí ni, mi ò sì ní lè dá a lóhùn.

Ẹlòmíì ní ká sọ pé "ìtọ́wò". Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu, ó sàn ju àpẹẹrẹ lọ fíìfíì, ibi tí kò ti bá mi lára mu ni pé ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò ṣíbí kan ló bù, ìyókù wà nínú ìkòkò. Ẹni tó bá gbọ́ ìtọ́wò á rò pé èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbì ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, fìdí ẹ̀ múlẹ̀ nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1949 ni pé tí ìgbì kò bá ti yára kọjá ibì kan, tí ìwọ sì ń wọ̀n ọ́n ní ìlọ́po méjì ìyára yẹn, gbogbo ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹ, o lè tún ìgbì náà yà padà látorí nọ́ńbà nìkan, kò sí èyí tó ṣẹ́ kù síta. Ọ̀rọ̀ tó bá máa sọ pé nǹkan kan ṣẹ́ kù ti ba ìmọ̀ yẹn jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ní ká sọ pé "ìwọ̀n". Ó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, ó ní ọ̀rọ̀ ìṣe tiẹ̀, "ó ń wọ̀n ọ́n", kò sẹ́ni tó nílò àlàyé. Sample rate á wá di iye ìwọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo mọ̀ pé wọ́n máa sọ pé ìwọ̀n ti ní iṣẹ́ tó pọ̀ jù, pé òun náà ni òṣùwọ̀n, òun náà ni bí nǹkan ṣe tóbi tó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ yẹn sún mọ́ ohun tí chip ń ṣe, kò tì wá sí ọ̀nà ibòmíì bí àpẹẹrẹ. Méjì-méjì ni ìwọ̀n yìí sì máa ń jáde, àwọn tí wọ́n ń pè ní I àti Q, àkókò kan náà ni wọ́n wọn méjèèjì, èkejì kàn fi ìdá mẹ́rin àyípo kan tẹ̀ lé èkíní. "Ìwọ̀n ìbejì" ni mo kọ síbẹ̀, Táyé àti Kẹ́hìndé sì ni mo kọ sójú àwòrán, inú kóòdù nìkan ni mo ti fi I àti Q sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé àwọn ẹlòmíì má baà sọnù.

Ọ̀rọ̀ "ìrántí" ló bí mi nínú jù, ẹ má bínú. Ní ìgboro, mẹ́mòrì ni káàdì. "Mẹ́mòrì mi ti kún" ni ẹni tí fọ́tò pọ̀ lórí fóònù ẹ̀ ń sọ. Pi Zero yìí, SD káàdì 32 GB lè wà nínú ẹ̀, kí ráàmù ẹ̀ sì wà ní 512 MB rẹ̀. Tí irinṣẹ́ bá wá sọ pé "ìrántí kò tó", ọmọ yẹn á lọ ra káàdì 64 GB, á padà wálé, ohun kan náà ló máa bá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: ìwọ̀n ìbejì kan jẹ́ báìtì méjì, mílíọ̀nù 2.4 ẹ̀ jẹ́ 4.8 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú kan gbáko jẹ́ 288 MB. Irinṣẹ́ tó bá ní òun fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ jọ sínú ráàmù kóun tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, kò ní lo ìṣẹ́jú méjì lórí pátákó yìí, Linux fúnra ẹ̀, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, ló máa pa á, ohun tó sì máa kọ sílẹ̀ kò ju "Killed" lọ. Mo fẹ́ kí tèmi sọ pé "àyè iṣẹ́ ti fẹ́ tán, ẹ dín iye ìwọ̀n kù". Àyè iṣẹ́ fún ráàmù, ibi ìpamọ́ fún káàdì. Tá a bá ń sọ̀rọ̀ lásán, ẹ máa pè é ní ráàmù, kò burú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí ni ìrántí nínú ohun tó jẹ́ pé iná kàn máa lọ báyìí, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ á pòórá?

Buffer ńkọ́, ìyẹn ibi tí nọ́ńbà ti ń dúró díẹ̀ kí kóòdù tó wá kó o? Wọ́n dá àbá àmù. Inú àmù ni omi ti ń silẹ̀, tó ń tutù, omi àná lè wà níbẹ̀ títí dọ̀la. Ti librtlsdr kò rí bẹ́ẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tó bá fi wà bí wọ́n ṣe ṣe é, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba báìtì 262,144, tó bá jẹ́ mílíọ̀nù 2.4 yẹn lò ń gbà, nǹkan bíi méjìdínlógún ló ń kún tó ń dà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó dà tán á padà síbi tí yóò ti tún kún. Chip kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Igbá ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn, torí ó kúrú, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù, tí wọ́n bá yọ àmì ohùn kúrò, "igba 15" ti di iye nǹkan, ó ti di àsìkò, kò sẹ́ni tó máa rí igbá níbẹ̀. Korobá kò ní wàhálà yẹn, bó o ṣe fẹ́ kó o tẹ̀ ẹ́, korobá ni. "Korobá ti kún", "ìwọ̀n ń dànù". Ẹni tó ń gbọ́ Amuludun FM lórí 99.1, tí ohùn wá bẹ̀rẹ̀ sí í já kẹ́-kẹ́-kẹ́, tó sì rí "ìwọ̀n ń dànù" lójú ẹ̀rọ, ó ti mọ̀ pé àńtẹ́nà kọ́ ló ní ẹ̀bi, pé kóòdù ni kò tètè dà á. Tó bá jẹ́ pé ṣààà ló ń gbọ́, ariwo nìyẹn, kó lọ wo àńtẹ́nà. "Ariwo" ti tó bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ó kan orúkọ SDR fúnra ẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì, ọ̀rọ̀ àgbà ni, àwọn tó dá a sílẹ̀ wo rédíò dáadáa: ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Àmọ́ ẹ wo dump1090, kóòdù kan tó ń lo SDR, 1090 MHz ló ń gbọ́, ohun tó ń mú jáde ni ibi tí bàálù wà àti bó ṣe ga tó, kò sọ gbólóhùn kan. Ẹ wo rtl_433, kóòdù mìíràn, tó ń ka ìwọ̀n otútù látinú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó wà nínú ilé. Ibo ni ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ sì ni HackRF, ẹ̀rọ SDR mìíràn, lè fèsì, torí ó ń ránṣẹ́ síta. "Rédíò àfikóòdùṣe" ni mo dá lábàá, ọ̀nà kan náà tí àfọwọ́kọ gbà wá. Ẹni kan ti sọ pé R820T kì í ṣe kóòdù, pé irọ́ wà nínú orúkọ yẹn. Ìwé àfọwọ́kọ náà, bírò wà níbẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ la fi pè é.

Carrier, tàbí káríà báwọn kan ṣe ń kọ ọ́, ẹ jẹ́ kó di ìgbì aláàárù: òun ló ru ohùn. Demodulate, ìyẹn yíyọ ohùn jáde látinú ìgbì náà, á wá di "sọ ohùn kalẹ̀", bí wọ́n ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀. Nínú rtl_fm, kóòdù tí wọ́n fi ń gbọ́ FM, iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, torí igun tó wà láàárín ìwọ̀n kan àti èyí tó tẹ̀ lé e ló gbọ́dọ̀ ṣírò, léraléra, èèyàn sì lè ní kó má ṣírò mọ́, kó kàn máa wo ìdáhùn lórí tábìlì kan tó ti kọ sílẹ̀, tábìlì yẹn á jẹ 512 KB nínú àyè iṣẹ́. "Sọ ohùn kalẹ̀ pẹ̀lú tábìlì" ni mo kọ sójú ibi tí wọ́n á ti yàn án.

Fíríkúẹ́nsì, ìyẹn iye ìgbà tí ìgbì ń lọ sókè sódò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mi ò tíì kan án. Ìkànnì tẹ́ ẹ mú wá, sítéṣọ̀n ló ń tọ́ka sí, ti FM kan sì ń gba nǹkan bíi 200 kHz lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo nílò. Mo fi fíríkúẹ́nsì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní báyìí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju korobá tàbí ìwọ̀n lọ, kó mú un wá, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì ohùn, kó fún ẹlòmíì kà, kó sì sọ ohun tí ẹni yẹn rò pé ó jẹ́ fún wa.